Ebi Àgbà, Ebi Ọmọ Ọwọ́

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Bí àwọn àgbà ṣe pa á nìyẹn, òun náà la sì fi ń tu ara wa nínú: aṣọ lè gbó, òrùlé lè jò, bí ikùn bá ṣáà ti yó, a ó rí agbára wá ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo òwe yìí dáadáa á rí i pé àgbàlagbà ló ń bá wí. Àgbàlagbà tí ebi pa lánàá, tó jẹun yó lónìí, ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Á gbé ọkọ́, á gba oko lọ. Ọmọ ọdún kan kò rí bẹ́ẹ̀. Ebi tó bá ọmọ láti inú oyún títí yóò fi pé ọdún méjì a máa kúrò nínú ikùn kó má kúrò nínú ara. Egungun tí kò gùn nígbà tó yẹ kó gùn, ọpọlọ tí kò rí ohun tí yóò fi dàgbà, oúnjẹ ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kò lè tún wọn ṣe tán. Ní ti ọmọ ọwọ́, ohun tí òwe náà kò bi wá ló tó bi: ìgbà wo ni ebi kúrò?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní Pearland. Ìlú náà wà ní gúúsù Houston, lójú ọ̀nà 288, ènìyàn inú rẹ̀ sì lé ní 125,000 nígbà ìkànìyàn 2020. Àwọn Yorùbá tó fi ibẹ̀ ṣe ilé kò kéré, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tó ń ti ibẹ̀ lọ síṣẹ́ ní Texas Medical Center sì wà nínú wọn. Fóònù ń dún sí wa láti Ìbàdàn, láti Òṣogbo, láti Ìkòròdú. Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun fi ránṣẹ́ sílé ní 2023 tó nǹkan bí 20 bílíọ̀nù dọ́là. A fi ń san owó ilé ìwé, a fi ń sìnkú, a fi ń ra ìrẹsì ọdún Kérésì. Èrò tèmi ni pé owó oúnjẹ inú rẹ̀ ń dé lẹ́yìn ìgbà tí ebi ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, kì í sì í sábà dé ẹnu ọmọ tí ebi ń bá jà jù.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sílé. Ní 1956, dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ David Morley dé Wesley Guild Hospital ní Iléṣà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ rẹ̀ dé Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ti ń tẹ̀ lé ìdàgbà àwọn ọmọ tí wọ́n bí nílùú náà láti ọjọ́ ìbí. Wọ́n ń gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n léraléra, ohun tí òṣùwọ̀n sì sọ kò rújú. Láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ọmọ Ìmẹ̀sí ń dàgbà bó ti yẹ. Ọmú ìyá ń tó o. Bí ó bá ti tó oṣù mẹ́fà, ìlà ìdàgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, nítorí ẹ̀kọ mímu ti ń gba ipò ọmú. Ọmọ náà ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó ṣì ń rá kiri, ìyá rò pé kò sí nǹkan. Ọjọ́ tí èéyi tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá dé ni wọ́n máa mọ̀ pé kò sí agbára nínú ara tí yóò fi jà. Nítorí náà ni Morley ṣe gbé káàdì kan kalẹ̀ tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé, tí wọ́n ń fi àmì sí bí ọmọ ṣe wọ̀n tó, kí wọ́n lè rí ìlà tó dúró sójú kan kí ara ọmọ tó fi hàn. Káàdì tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ yìí tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ògì fúnra rẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n bí a ti ń rẹ àgbàdo, tí a ń lọ̀ ọ́, tí a ń sẹ́ ẹ, eèrí tí a dà fún ewúrẹ́ ti kó púpọ̀ lọ nínú ohun tó ń mú ọmọ dàgbà. Omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù. Ikùn ọmọ kéré. Á yó kó tó rí ohun tó tó. Ẹyin tí wọn ì bá fi kún un, àwọn àgbà kan ní ó ń mú ọmọ jalè. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń gbèjà àṣà náà pé ìwà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń fi ẹyin kọ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá níwà ti kánjú jù.

Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ìyá, nítorí ọ̀pọ̀ ló mọ ohun tó yẹ kí wọ́n fún ọmọ, owó ni kò sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Nígbà tó di oṣù Keje, ìjọba fúnra rẹ̀ ti kéde pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ní àárín 2024, owó oúnjẹ fi ohun tó ju 40 lọ nínú 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú. Ilé tí owó kò bá tó kì í kọ́kọ́ fi ebi sùn. Inú ọbẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹran á lọ, ẹja á tẹ̀ lé e, ẹ̀wà tó jẹ́ ẹran tálákà náà á di ohun àfojúwò, gààrí àti ata á kù. Lẹ́yìn náà ni ìyá á máa sọ pé òun ti jẹun lọ́jà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọbìnrin á gbé igbá lérí nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí kíláàsì. Ìwádìí ìlera gbogbogbòò tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2018 rí i pé 37 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2023 sí 2024 bá 40.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2024, àwọn òbí kó ọmọ wọn lọ síbi àríyá ọ̀fẹ́ kan ní Islamic High School, Baṣọ̀run, Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ṣèlérí owó àti oúnjẹ. Èrò pọ̀ ju ààyè lọ. Ọmọ 35 ló kú. Àwọn kan ń bi àwọn ìyá léèrè pé kí ló gbé wọn débẹ̀. Mi ò rò pé ẹni tó ti ra gààrí lọ́dún náà á bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ebi wà ní Houston náà. Ní 2020, nígbà kòrónà, ọkọ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ ní ọgbà ìṣeré NRG, tí kò jìnnà sí Pearland, tí wọ́n ń dúró de àpótí oúnjẹ láti ọwọ́ Houston Food Bank, àjọ tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti 1982. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé ní 2023, ìdílé 13.5 nínú 100 ni kò dá lójú pé oúnjẹ yóò máa tó wọn jẹ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ibi tí ènìyàn lè yà sí wà. Òfin oúnjẹ ọ̀sán ilé ìwé ti wà láti 1946. Èyí tí mo kà sí jù nínú gbogbo wọn ni WIC, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1974: aláboyún, ìyá ọmọ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni wọ́n ṣe é fún, ẹyin, mílíìkì, ẹ̀wà àti èso ni wọ́n sì ń gbà. Àsìkò tí ìlà ọmọ Ìmẹ̀sí ń tẹ̀ gan-an ni ètò náà fojú sùn. Nílé, oúnjẹ ilé ìwé la gbájú mọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ O'Meals ní 2012, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016, ó sì dá a dúró ní oṣù Kìíní 2024. Oúnjẹ ilé ìwé dára, nítorí ó ń mú ọmọ jókòó sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìgbà tí ọdún ń le jù náà kò fara sin. Lọ́dọọdún, àwọn tó ń ṣírò ebi ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà máa ń sọ iye ènìyàn tí oúnjẹ yóò há fún láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ. Ní 2025, wọ́n ní yóò lé ní 30 mílíọ̀nù ní Nàìjíríà. Àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Iṣu àná ti tán lábà, tuntun kò tíì ta, àgbàdo ṣì wà lóko, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ wá di ẹni tó ń ra oúnjẹ ní ìgbà tó wọ́n jù. Oṣù Kejìlá ni àwa ń dá owó ìrẹsì jọ.

Bí ẹgbẹ́ ìlú wa ní Pearland bá máa tún ètò yìí tò, kí a dá owó náà ní oṣù Karùn-ún, kí ó sì lọ sọ́wọ́ ìyá tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, fún ẹ̀wà sóyà, ẹ̀pà, edé àti ẹyin tí yóò wọ inú ògì. Ohun tí a ó fi mọ ọmọ tó ti kọjá ohun tí oúnjẹ ilé lè ṣe kò wọ́n: tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n ń fi wọn òkè apá ni. Bí apá ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí a sì fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́.