Ìwà Jàǹdùkú Lórí Pápá Bọ́ọ̀lù àti Ẹni Tí Ẹ̀bi Rẹ̀ Tọ́ Sí

Ìwà jàǹdùkú lórí pápá bọ́ọ̀lù ni a ń pe ìjà, ìjùkò, bíba nǹkan jẹ́ àti ìkọlù tí àwọn tó ń ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lẹ́yìn ń dá sílẹ̀, yálà nínú pápá, lẹ́nu gẹ́ètì, nílé ọtí tàbí ní ibùdókọ̀ ojú irin. Orúkọ náà fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ju ọ̀rá píọ́ wọ́tà lu igbákejì rẹfirí wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ki ọ̀bẹ bọ ìbọ̀sẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ẹlòmíì náà wà lábẹ́ rẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wà tí wọn ò ṣe ju pé wọ́n kọrin, wọ́n bú rẹfirí, wọ́n sì gba ilé wọn lọ. Bí nǹkan bá bàjẹ́ tán, gbogbo wọn ni wọ́n á jọ pè ní jàǹdùkú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ta ló jẹ̀bi ti máa ń lọ́ pọ̀.

Lórí ẹ̀bi, òwe méjì ni Yorùbá ní tí wọn ò fẹnu kò. Ọ̀kan ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èkejì ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òfin ìjọba, pàápàá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ sí òwe àkọ́kọ́: wọ́n á wá ẹni tó ju òkò, wọ́n á wọ́ ọ lọ síwájú adájọ́. Òfin àwọn àjọ bọ́ọ̀lù FIFA, UEFA àti CAF tẹ̀ sí èkejì: ẹgbẹ́ ló ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, òun náà ni yóò sì san owó ìtanràn, ì báà jẹ́ pé kò sóhun tí olórí ẹgbẹ́ náà lè ṣe láti dá wọn dúró. Ẹnì kan wà tí òwe méjèèjì ò mẹ́nu bà, ìyẹn ẹni tí kọ́kọ́rọ́ gẹ́ètì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ka ìtàn àjálù orí pápá dáadáa, òun ni yóò máa bá pàdé jù.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ní ọdún 59 lẹ́yìn ìbí Kristi, àwọn ará Pompeii ní Ítálì gba àwọn ará Nuceria lálejò, ìlú tó múlé tì wọ́n, níbi tí àwọn oníjà idà ti ń jà fún èrò ìwòran. Tacitus, òpìtàn Róòmù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé èébú ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òkò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ irin síra wọn. Ẹnì kan ní Pompeii ní kí wọ́n ya ìjà náà sára ògiri ilé òun, àwòrán ọ̀hún sì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Naples dòní: pápá rìbìtì láàárín, àwọn èèyàn kéékèèké ń lu ara wọn nínú rẹ̀ àti níta lábẹ́ igi, àtíbàbà àwọn ọlọ́jà sì wà nítòsí bí ẹni pé ọjà ò dúró. Ìgbìmọ̀ àgbà Róòmù fòfin de irú eré bẹ́ẹ̀ ní Pompeii fún ọdún 10, wọ́n tú àwọn ẹgbẹ́ tí kò bófin mu ká, wọ́n sì lé Livineius Regulus, ẹni tó gbé eré náà kalẹ̀, kúrò nílùú. Ìlú jìyà, ẹgbẹ́ jìyà, onígbọ̀wọ́ náà jìyà. Ẹ jẹ́ ká fi ti onígbọ̀wọ́ yẹn sọ́kàn.

Láyé òde òní, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ náà lẹ̀ mọ́ jù, débi pé àìsàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pè é ní Yúróòpù. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin tẹ̀ lé ẹgbẹ́ wọn lọ sí ìlú mìíràn, ìjà tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ lójijì wá di ohun tí wọ́n ń pète sílẹ̀. Àwọn ọmọ West Ham kan sọ ara wọn ní Inter City Firm. Wọ́n mú orúkọ náà lára ọkọ̀ InterCity tí wọ́n ń wọ̀, wọ́n tẹ káàdì pélébé bíi ti oníṣòwò, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá lù tán. Irú wọn kì í ṣe ọmọ tí ìṣẹ́ ń bá jà lásán. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tí àwọn aláṣẹ fi ń wo àìsàn náà ni irin: wọ́n fi irin gíga ṣe ọgbà yí àwọn òǹwòran ká bí ẹran. Ní 13 oṣù Kẹta ọdún 1985, àwọn tó tẹ̀ lé Millwall lọ sí Luton tú àga, wọ́n sì ń sọ ọ́ lu ọlọ́pàá, gbogbo ìlú rí i lórí tẹlifíṣọ̀n.

Kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tí Liverpool pàdé Juventus nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Yúróòpù ní pápá Heysel, nílùú Brussels. 29 oṣù Karùn-ún ni. Pápá náà ti gbó débi pé èèyàn lè ya kọnkéré ibi ìdúró rẹ̀ sọ lókò. Apá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Z, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ará Belgium tí kò ṣègbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Ítálì, àwọn mìíràn sì mú ọmọ wọn dání. Wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti ilé adìyẹ àti ọlọ́pàá díẹ̀ ló wà láàárín wọn àti àwọn ọmọ Liverpool. Òkò bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Nígbà tó ku bíi wákàtí kan kí eré bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Liverpool já wáyà, wọ́n ya lu apá kejì. Àwọn ará Ítálì sá sẹ́yìn títí wọ́n fi kan ògiri, èrò ń fún wọn mọ́ ọn, ògiri wó. Èèyàn 39 kú, 32 nínú wọn jẹ́ ará Ítálì. Wọ́n ṣì gbá bọ́ọ̀lù náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Platini sì fi pẹ́nárítì gbá góòlù kan ṣoṣo tí Juventus fi borí.

Nínú gbogbo ẹjọ́ orí pápá, ti Heysel ló sún mọ́ òdodo jù lójú tèmi, nítorí pé kò fi ẹ̀bi mọ sọ́dọ̀ ẹnì kan. Lọ́dún 1989, ilé ẹjọ́ Belgium dá ọmọ Liverpool 14 lẹ́bi ìpànìyàn tí kò ti ọkàn wá, wọ́n sì bu ẹ̀wọ̀n ọdún 3 fún wọn, ìdajì rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọn ò ní ṣe àfi bí wọ́n bá tún dẹ́ṣẹ̀. Adájọ́ ò dúró síbẹ̀. Olórí àjọ bọ́ọ̀lù Belgium jẹ̀bi lórí bí tíkẹ́ẹ̀tì apá Z ṣe dé ọwọ́ ẹni tí kò yẹ kó dé, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń bójú tó ibẹ̀ náà jẹ̀bi. Ìjìyà tiwọn fúyẹ́, kò sẹ́ni tó wọ ẹ̀wọ̀n nínú wọn, ṣùgbọ́n orúkọ wọn wọ ìwé.

Ìdájọ́ UEFA ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lé gbogbo ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú ìdíje Yúróòpù fún ọdún 5, ti Liverpool jẹ́ 6. Everton ló gba líìgì lọ́dún náà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú Heysel, àwọn ọmọlẹ́yìn Everton ti lọ sí Rotterdam, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ kan bọ̀, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn náà jókòó sílé. Hẹ̀rẹ̀huru ará ilé wọn nìyẹn.

Ilé tiwa náà ti jẹ nínú rẹ̀. Ní 29 oṣù Kẹta ọdún 2022, Nàìjíríà àti Ghana gbá ọ̀mì 1-1 ní pápá Moshood Abiola ní Abuja, ọ̀mì náà ló sì gbé Ghana lọ sí ife àgbáyé ní Qatar. Bí fèrè ìparí ṣe dún báyìí, èrò ya wọ pápá, wọ́n ń ju ìgò, wọ́n fọ́ ibi ìjókòó àwọn agbábọ́ọ̀lù, ọlọ́pàá sì yin afẹ́fẹ́ tajútajú sí wọn. FIFA bu owó ìtanràn Swiss franc 150,000 fún NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, wọ́n sì pàṣẹ pé kí Nàìjíríà gbá eré kan láìsí òǹwòran. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó jókòó jẹ́ẹ́, tó sunkún délé, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ òun náà sóde. Èmi ò sọ pé òfin náà ò nítumọ̀ o. Àjọ bọ́ọ̀lù ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, òun ló ń pinnu iye ẹ̀ṣọ́ tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí kò bá dun àpò rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ méjì ni yóò fi ṣọ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn. Ṣùgbọ́n nínú líìgì Nàìjíríà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Owó ìtanràn irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àpò ará ìlú ló ti ń jáde, tòun ti owó ìyá tó ń ta àgbàdo lẹ́nu gẹ́ètì, tí wọ́n da àtẹ rẹ̀ nù nínú ìjà.

Ní Argentina, ẹ̀bi ẹgbẹ́ ju ti aláìbìkítà lọ. Àwọn tí wọ́n ń pè ní barra brava níbẹ̀ dà bí àgbèrò gáréèjì: wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó páàkì mọ́tò sítòsí pápá, wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn alákòóso ẹgbẹ́ fi tọrẹ fún wọn, àwọn olóṣèlú náà sì ń wá wọn kàn nígbà ìdìbò. Lọ́dún 2013, wọ́n fòfin de ọmọlẹ́yìn ẹgbẹ́ àlejò pé wọn ò gbọdọ̀ wọ pápá líìgì ńlá. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, wọ́n ju òkò lu bọ́ọ̀sì Boca Juniors lọ́nà pápá River Plate. Àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Gúúsù Amẹ́ríkà wá di ohun tí wọ́n gbé sọdá òkun lọ gbá ní Madrid.

Ẹ̀ka kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò gba ariwo tó bó ṣe yẹ: ta ni yóò san owó ọlọ́pàá? Lọ́dún 2013, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá Leeds United láre pé kì í ṣe ẹgbẹ́ ló ni gbèsè iṣẹ́ tí ọlọ́pàá bá ṣe ní títì ìta pápá. Ní Jámánì, ìpínlẹ̀ Bremen gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n kọ ìwé owó ránṣẹ́ sí àwọn alákòóso líìgì lórí àfikún ọlọ́pàá tí wọ́n kó síta fún eré tí ìjà lè bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹjọ́ náà pẹ́, ó dé ilé ẹjọ́ òfin tó ga jù nílẹ̀ náà, wọ́n sì dá Bremen láre ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Ẹni tó ń jèrè ọjà ni yóò gbá ọjà.

Padà sọ́dọ̀ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ní Lima, olú ìlú Peru, lọ́dún 1964, rẹfirí fagi lé góòlù Peru nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Argentina, èèyàn kan sá wọ pápá, òmíràn tẹ̀ lé e. Ọlọ́pàá yin tajútajú sáàárín èrò. Àwọn èèyàn sá sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Iye tí ìjọba kà jẹ́ 328. Ní Accra, ní 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2001, ó tún rí bákan náà: Hearts of Oak na Asante Kotoko 2-1, àwọn ọmọ Kotoko bínú, wọ́n ń tú àga rọ́bà sọ sórí pápá, tajútajú dé, gẹ́ètì wà ní títì. Èèyàn tó lé ní 120 kú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí bá ọlọ́pàá wí gidigidi, wọ́n gbé ọlọ́pàá mẹ́fà lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá wọn sílẹ̀. Ère kan wà níwájú pápá náà báyìí, òǹwòran kan gbé ẹnì kejì rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó tú àga jẹ̀bi àga. Ṣé àga ló pa 120 èèyàn?

Ní ibòmíràn, orúkọ jàǹdùkú nìkan ti tó láti fi bo àṣírí. Ní Paris, lọ́dún 2022, àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Yúróòpù láàárín Liverpool àti Real Madrid pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn èèyàn há sẹ́nu ọ̀nà. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé Faransé sọ pé 30,000 sí 40,000 ọmọ Liverpool ló wá láìní tíkẹ́ẹ̀tì tàbí pẹ̀lú ayédèrú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí UEFA fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ṣèwádìí tán, wọ́n ní UEFA ló ni ẹ̀bi tó pọ̀ jù.

Àwọn àgbà Liverpool ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ní 15 oṣù Kẹrin ọdún 1989, ní pápá Hillsborough nílùú Sheffield, ẹnu ọ̀nà 7 péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún 10,100 ọmọ Liverpool tó máa wà lórí ìdúró. Èrò há síta, ọlọ́pàá ṣí gẹ́ètì ńlá kan, wọn ò sì darí àwọn èèyàn kúrò níbi ọgbà irin tó ti kún. Èèyàn 97 ló bá a lọ, ẹni tó gbẹ̀yìn wọn kú lọ́dún 2021. Ọ̀gá ọlọ́pàá, David Duckenfield, sọ lọ́jọ́ náà pé àwọn ọmọ Liverpool ló já gẹ́ètì, irọ́ ni. Lọ́dún 2012 ni ìgbìmọ̀ kan fi hàn pé wọ́n ti tún ọ̀rọ̀ 164 ọlọ́pàá kọ, wọ́n sì yọ ohun tó lè ba ọlọ́pàá lórúkọ jẹ́ kúrò nínú 116. Lọ́dún 2016, àwọn ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní wọ́n pa àwọn èèyàn náà lọ́nà àìtọ́ ni, ọmọ Liverpool kankan ò jẹ̀bi. Lọ́dún 2019, wọ́n dá Duckenfield sílẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ Sheffield Wednesday, tó ni pápá náà nígbà yẹn, nìkan ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà 7 yẹn. Pọ́n-ùn 6,500 ló san.