Trussell

Àjọ aláàánú ní Bìrìtéènì tó ń pín oúnjẹ fún aláìní. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ àdúgbò ló gbé e ró. Carol àti Paddy Henderson fi ogún tí ìyá Carol, Betty Trussell, fi sílẹ̀ dá a sílẹ̀ ní 1997, láti ran àwọn ọmọ tó ń sùn sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Bulgaria lọ́wọ́. Ní 2000, ìyá ọlọ́mọ kan ní Salisbury pe Paddy lórí fóònù: ebi làwọn ọmọ òun ń gbé sùn, kí ló fẹ́ ṣe sí i? Ẹ̀yìnkùlé Paddy ni ibùdó ìpín-oúnjẹ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà tàbí òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ ló ń kọ ìwé fún ẹni tí nǹkan le fún. Onítọ̀hún yóò mú ìwé náà lọ sí ibùdó ìpín-oúnjẹ, tó sábà máa ń jẹ́ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á fi tíì lọ̀ ọ́, wọ́n á gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n tó di oúnjẹ ọjọ́ 3, ó kéré tán, fún un: ẹ̀wà inú agolo, pasita, wàrà. Ìjókòó gbọ́rọ̀ yẹn ṣe pàtàkì bí oúnjẹ gan-an, torí gbèsè tàbí owó ìrànwọ́ ìjọba tí kò tó ná ló sábà máa ń wà nídìí ebi náà.

Láti oṣù Kẹrin 2023 sí oṣù Kẹta 2024, wọ́n pín ẹrù oúnjẹ tó lé ní mílíọ̀nù 3. Ó pọ̀ jù fún orílẹ̀-èdè tó lọ́rọ̀ báyẹn.