A Kì Í La Ọ̀nà Ilé Lọ́jọ́ Ìpọ́njú

Ìtàn ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, ìtàn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti rin ìrìn àjò ṣáájú wa. Àwọn àgbà ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. N kò sọ ọ́ láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ohun tí wọ́n ṣe dáradára pọ̀ ju àṣìṣe wọn lọ.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àkóso ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà lónìí, ọ̀nà ọlà ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin dé Kùmásì ní ọdún 1903. Nígbà tí ó fi di 1911, kò sí ilẹ̀ mìíràn láyé tí ń mú kòkó jáde tó ti ibẹ̀. Níbi tí àgbẹ̀ bá sì ti rí owó, oníṣòwò kì í pẹ́ débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìnísà, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìlọrin ṣe di ẹrù wọn. Àwọn kan gbé aṣọ, àwọn mìíràn gbé ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló fi wọ̀sìwọ̀sì bẹ̀rẹ̀ lórí àtẹ: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, àgádágodo. Wọn kò dúró sí Àkráà àti Kùmásì nìkan. Wọ́n gòkè lọ sí Támálè, wọ́n sì wọ àwọn abúlé kéékèèké. Ìkànìyàn ọdún 1960 fi hàn pé àwọn Yorùbá tó wà ní Gánà tó nǹkan bí 100,000.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rántí ilé? Ẹ fi ọkàn sí èyí. Wọ́n ní ẹgbẹ́ parapọ̀ ìlú wọn: níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dá owó, tí wọ́n ti ń parí ìjà, tí wọ́n sì ti ń dúró ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àwọn Onítẹ̀bọmi lára wọn dá ìjọ sílẹ̀, wọ́n ń sìn ní èdè Yorùbá. Ẹni tí kò mọ̀wé a bẹ ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ̀wé, awakọ̀ a sì mú lẹ́tà náà gba ilẹ̀ Tógò àti Dahomey, tí í ṣe Benin lónìí, títí dé ilé. Àwọn mìíràn a fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà kí ó lè kàwé nílé. Owó pàápàá kò mọ ẹnubodè nígbà náà: ṣílè tí wọ́n ń ná ní Kùmásì náà ni wọ́n ń ná ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1957. Ní 1958 ó tẹ owó tirẹ̀ jáde. Ní 1961, òfin dé tó ká ènìyàn lọ́wọ́ kò nípa fífi owó ránṣẹ́ sí òkèèrè. Ohun tí ènìyàn ń kó jọ wá ń dúró síbi tó gbé kó o jọ: nínú ọjà, nínú gbèsè tí oníbàárà jẹ, nínú ilé tí a kọ́ sí ìdálẹ̀. Àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀ ń sọ Twi ní Kùmásì, wọ́n ń sọ Dagbani ní Támálè. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilé di ibi tí bàbá ń ròyìn, tí ọmọ kò fojú rí rí. Kì í ṣe pé àwọn òbí wọn kò fẹ́ràn ilé. “Ó di ọdún tí ń bọ̀” ni wọ́n ń wí lọ́dọọdún.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Kofi Busia kéde pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn wa kò ní ìwé kankan. Ọjọ́ mẹ́rìnlá láti tú ohun tí àwọn mìíràn ti fi ogójì ọdún kó jọ! Wọ́n ta ọjà ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n fi gbèsè sílẹ̀ fún ajigbèsè, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ilé tí wọn kò mọ̀ bóyá wọn yóò tún ṣí. Ọ̀pọ̀ ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ dá páropáro. Wọ́n gun ọkọ̀ ẹrù kọjá Tógò àti Dahomey, wọ́n padà wọ Nàìjíríà nígbà tí ogun abẹ́lé kò tíì parí.

Ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà délé, ṣùgbọ́n ilé kò lè rí bákan náà fún gbogbo wọn. Ẹni tí ń wá lóòrèkóòrè, tí tọmọdé tàgbà inú agboolé mọ̀, kò nílò ẹlẹ́rìí. Bí kò tilẹ̀ ní kọ́bọ̀, a ó rí igun kan fún un láti sùn. Ẹni tí kò wá rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí inú ilé, yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé ọmọ ẹni tí òun í ṣe, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń sunkún ní èdè tí ìyá àgbà kò gbọ́. Kì í ṣe owó ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ẹsẹ̀ ni. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀, koríko ni í bò ó.

Ẹ má sì jẹ́ kí a tìtorí èyí di ará Gánà sínú. Ní 1975 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó. Síbẹ̀, ní oṣù Kíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà fún àwọn àlejò ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Gánà tó tó nǹkan bí 1,000,000 ló di ẹrù wọn. Títí di òní, orúkọ àpò tí wọ́n fi kó ẹrù náà, Ghana Must Go, ṣì wà lẹ́nu wa. Ọwọ́ tiwa náà kò mọ́.

Àwa tí a wà ní Òkè Ọya lónìí, Nàìjíríà ni a wà. Ọmọ onílẹ̀ ni wá, a kò sì gbàdúrà ibi. Ṣùgbọ́n ìgbà wo lo délé gbẹ̀yìn? Ǹjẹ́ ọmọ rẹ mọ ọ̀nà agboolé yín? Lóòótọ́, ẹ̀rọ alágbèéká wà, à ń gbóhùn ìyá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ohùn nìkan kò tó fún ìyá tó fẹ́ fọwọ́ kan orí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí o kò bá lágbára láti kọ́lé, mú ọmọ délé nígbà Kérésìmesì. Kọ́ ọ ní oríkì rẹ̀. San owó ẹgbẹ́ parapọ̀ rẹ. Fi sàárè bàbá rẹ hàn án, kí o sì jẹ́ kí àwọn àgbà mọ orúkọ rẹ̀.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí Ọlọ́run dá ìrìn wa sí, kí ó sì jẹ́ kí a bá àwọn tí a fi sílẹ̀ láyọ̀. Àmín.