Síìtì jíábọ́ọ̀sì lára ọkọ̀ fọ́wíìlì àtijọ́

Síìtì jíábọ́ọ̀sì ni rọ́bà kíki tí wọ́n sè mọ́ irin pẹlẹbẹ méjì, tí jíábọ́ọ̀sì, ìyẹn àpótí jíà ọkọ̀, fi ń jókòó lórí ṣásí. Láti Sandgrouse ní Erékùṣù Èkó títí dé Mushin, síìtì ni gbogbo mẹkáníìkì ń pè é, orúkọ náà sì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, nítorí ìjókòó ni lóòótọ́. Irin kan wà lára jíábọ́ọ̀sì, irin kejì wà lára ṣásí, rọ́bà sì là wọ́n láàrin kí wọ́n má baà fara kanra. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n, rọ́bà ni yóò gba gbígbọ̀n náà sára. Bí awakọ̀ bá sì tẹná mọ́ ọn lójijì tí jíábọ́ọ̀sì fẹ́ yí, rọ́bà yìí kan náà ni yóò dì í mú.

Lára ọkọ̀ fọ́wíìlì, ìyẹn ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ yìí le ju ti ọkọ̀ kékeré lọ. Lẹ́yìn jíábọ́ọ̀sì, àpótí kejì tún wà tí wọ́n ń pè ní tíránsífà. Òun ló ń pín agbára fún propẹ́là iwájú àti ti ẹ̀yìn, ó sì ní jíà ìsàlẹ̀ tirẹ̀ fún ẹrẹ̀ àti òkè. Ẹ jẹ́ ká wo Land Rover One Ten onísílíńdà 4 tó jáde ní 1983. Jíà ìsàlẹ̀ inú tíránsífà rẹ̀ ń sọ agbára yíyí di ìlọ́po 3.32. Nígbà tí èyí bá pàdé jíà kìíní, tí òun náà ju ìlọ́po 3 àbọ̀ lọ, ohun tó ń jáde sí propẹ́là ti ju ìlọ́po 11 agbára yíyí ẹ́ńjìnnì lọ. Bí agbára yìí ṣe ń yí propẹ́là sí apá kan, bẹ́ẹ̀ ló ń fẹ́ yí àpótí fúnra rẹ̀ sí apá kejì. Àwọn síìtì, tí ọwọ́ kan lè gbá mú, ni kò jẹ́ kó yí.

Ìdí nìyí tí Land Rover fi gbé síìtì méjì sí ìdí jíábọ́ọ̀sì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí méjì mìíràn sì wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àpótí náà yàkàtà bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù wúwo. Toyota Hilux gba ọ̀nà mìíràn: síìtì kan ṣoṣo ló wà láàrin, lórí irin ìdábùú tí a lè tú bóòtù rẹ̀ kí a sì yọ ọ́ sílẹ̀. Ti Toyota rọrùn láti pààrọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀, tí ẹrù bá wúwo, ti Land Rover ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Irú rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa nígbà kan, lọ́wọ́ ọlọ́pàá, lọ́wọ́ sójà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì wà lára ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ Leyland tò jọ ní Ìbàdàn.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ayé àtijọ́ ló ní rọ́bà ìdí. Irin ni wọ́n ń dè mọ́ irin tààrà nínú púpọ̀ wọn, gbogbo ara ọkọ̀ a sì máa gbọ̀n. Ní 1931, iléeṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà gbé Plymouth PA jáde. Wọ́n gbé rọ́bà kan sí òkè níwájú ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé èkejì sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn jíábọ́ọ̀sì, kí ìlà tó so méjèèjì pọ̀ lè gba àárín ìwúwo ẹ́ńjìnnì kọjá. Ẹ́ńjìnnì wá ń mì láyè ara rẹ̀ láìda ẹni tó jókòó láàmú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Citroën ilẹ̀ Faransé gba àṣẹ láti lo ọgbọ́n náà.

Ní ti rọ́bà fúnra rẹ̀, Èkó ti mọ̀ ọ́n kí ọkọ̀ tó dé. Igi ìrẹ́ tó ń hù nínú igbó wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Funtumia elastica, ní oje tí wọ́n ń sọ di rọ́bà. Ní 1895 nìkan, èyí tó gba etíkun Èkó lọ sókè òkun tó mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ní ìwúwo. Wọ́n ha igi náà láhàjù títí ọ̀pọ̀ rẹ̀ fi kú, òwò náà sì wó lulẹ̀ láàrin ọdún díẹ̀. Igi Brazil tí wọ́n ń gbìn káàkiri ni rọ́bà oje igi òde òní ti ń wá. Títí di bí a ti ń wí yìí, oje igi ṣì ni wọ́n fẹ́ràn jù fún síìtì, nítorí ó lè mì ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà kó tó sán. Àìsàn rẹ̀ tó burú jù ni pé kò lè bá ọ́ìlì gbé.

Ọ́ìlì yìí gan-an ló ń pa síìtì. Tí síìlì ẹ̀yìn tíránsífà bá ti ń jò, ọ́ìlì á máa kán sára rọ́bà ní ìkán-ìkán. Rọ́bà á mu ún, á wú, á rọ̀ bí ẹ̀bà tó lómi, títí yóò fi ya kúrò lára irin. Ẹni tó bá pààrọ̀ síìtì láìdí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò, owó rẹ̀ ló ń dà sí ọ̀sà. Ní Sandgrouse, ọ̀tá kejì tún wà, ìyẹn iyọ̀. Ọjà ẹja ni ọjà ibẹ̀, omi yìnyín tó yọ́ lára ẹja inú píkọ́ọ̀pù a sì máa ṣàn gba ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ sórí ṣásí. Ẹ fi afẹ́fẹ́ ọ̀sà kún un, pẹ̀lú àgbàrá tó máa ń gba òpópónà Ìsàlẹ̀ Èkó lásìkò òjò, bóòtù síìtì á ti dípẹtà mọ́ nọ́ọ̀tì rẹ̀ pátápátá.

Ọ̀pá jíà ló kọ́kọ́ máa ń sọ pé síìtì ti kú. Á máa lọ síwá sẹ́yìn bí awakọ̀ bá tẹná tó sì tún gbẹ́sẹ̀, nígbà míì jíà á fò jáde fúnra rẹ̀. Á dún gbì nísàlẹ̀ bí awakọ̀ bá ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Sàlẹ́nsà á máa kan ṣásí.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ Land Rover, kó fi igi há àwọn táyà níwájú àti lẹ́yìn. Bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ kì í mú táyà, ara ọ̀pá propẹ́là ẹ̀yìn tíránsífà ló wà. Tí táyà ẹ̀yìn kan bá kúrò nílẹ̀, bíréèkì yẹn kò di nǹkan kan mú mọ́, ọkọ̀ sì lè yí gorí ẹni. Àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti ń rin bóòtù, kí òróró lè wọ inú ìpẹtà. Láàárọ̀, mẹkáníìkì á gbé pákó lé orí jáàkì, á gbé e sábẹ́ àpótí, á sì rọra fà á sókè títí ìwúwo yóò fi kúrò lórí síìtì, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ wà lára fáànù níwájú, nítorí bí ẹ̀yìn ṣe ń ròkè tàbí rọlẹ̀ ni iwájú ń yí padà, fáànù sì lè gé radiétọ̀. Nígbà tí síìtì àtijọ́ bá jábọ́, ó sábà máa ń jáde lọ́nà méjì, irin lọ́tọ̀, rọ́bà dúdú tó ń yọ̀ lọ́wọ́ lọ́tọ̀.

Àwọn kan á gé táyà àtijọ́ fi dí àyè síìtì. Àwọn mìíràn á ní kí wẹ́dà jó irin mọ́ irin kí àlàáfíà jọba. Mo lòdì sí i gidigidi. Rọ́bà ni wọ́n ṣe láti jìyà kí irin má baà jìyà. Tí wọ́n bá ti jó o pa, gbígbọ̀n á wọ inú àpótí jíà tààrà, aluminiọ́ọ̀mù sì ni àpótí náà, ibi etí bóòtù ló ti máa ń sán. Síìtì tuntun sàn ju Belgium, ìyẹn àlòkù òkè òkun, lọ níbí, nítorí rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, kí ẹni tó ń rà á fi èékánná tẹ ojú ibi tí rọ́bà ti pàdé irin. Tí ó bá là, kó dá a padà.

Síìtì méjèèjì ni a ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A ó fi bóòtù sí i láìdì í pinpin, a ó sọ jáàkì kalẹ̀, a ó tan ẹ́ńjìnnì kó gbọ̀n fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí rọ́bà lè jókòó bó ṣe fẹ́, lẹ́yìn náà ni sípánà á tó dì í. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a ó tún bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, bóyá ọ́ìlì tún ti ń kán.