Omi àti Àpáta Òkè-Ògùn: Bí Ibi Ààbò Ṣe Di Ibi Ìgbafẹ́

Òkè-Ògùn kò bá òkun pààlà. Láti Ṣakí dé etíkun Èkó lé ní kìlómítà 200, ilẹ̀ ọ̀dàn sì ni agbègbè náà: koríko tó ń ga ju ènìyàn lọ nígbà òjò, igi ẹmì àti igi irú tó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti àwọn àpáta ràgàjì tó ṣàdédé yọ láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 10 ló wà níbẹ̀, láti Ìsẹ́yìn títí dé Kíṣí àti Ìgbẹ́tì. Síbẹ̀, odò tí agbègbè yìí ti gba orúkọ, ọ̀nà òkun ló ń lọ. Odò Ògùn ń sun láàárín àwọn òkè tó wà ní ìhà Ṣakí, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìsẹ́yìn kọjá, ó la Abẹ́òkúta já, ó sì dà sínú ọ̀sà Èkó. Kí ìgbafẹ́ etíkun tó di àṣà ní Èkó ni àwọn ará Òkè-Ògùn ti ní ibi tí wọ́n ń lọ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ tàbí tí ọkàn bá wúwo. Orí àpáta ni, àti etí omi.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu so odò náà mọ́ Yemọja, ó sì so Yemọja mọ́ Ṣakí. Wọ́n ní Yemọja fẹ́ Òkèrè, ọba Ṣakí, lórí àdéhùn pé ọkọ kò ní fi ọmú òun tó tóbi ṣe yẹ̀yẹ́ láé. Ní ọjọ́ kan, Òkèrè mu ẹmu yó, ó sì sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Yemọja bínú, ó sá jáde nílé. Nígbà tí ọkọ lé e, obìnrin náà ṣubú, ó di omi, ó ń ṣàn lọ. Òkèrè náà di òkè, ó dábùú ọ̀nà. Ṣàngó ni Yemọja ké pè. Àrá Ṣàngó sì la òkè náà sí méjì, kí omi tó rí àyè kọjá lọ bá Olókun. Ẹni tó bá ti rí bí odò yìí ṣe ń wá ọ̀nà láàárín àwọn òkúta Òkè-Ògùn yóò mọ̀ pé àwọn tó pa ìtàn náà mọ ilẹ̀ wọn dáadáa.

Nígbà tí òwò ẹrú kó àwọn ọmọ Yorùbá lọ sí Bùràsíìlì, Yemọja bá wọn sọdá. Òrìṣà odò ni nílé. Lọ́hùn-ún, ó di ìyá òkun. Ní Salvador, olú ìlú Bahia, ọjọ́ 2 oṣù Kejì ni ọdún rẹ̀. Ní àdúgbò Rio Vermelho, àwọn apẹja àti ogunlọ́gọ̀ èrò a máa kó òdòdó, òróró olóòórùn dídùn àti ẹ̀bùn mìíràn sínú ọkọ̀ ojú omi, wọn a sì gbé wọn lọ sí ojú agbami. Ọ̀kan nínú àwọn àjọ̀dún etíkun tó gbajúmọ̀ jù lọ ní àgbáyé ni, orísun rẹ̀ sì wà ní ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ kò fojú rí òkun rí.

Àwọn òkè ní ìtàn tiwọn. Ààbò ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́. Ìlú tó bá wà lórí àpáta tàbí lábẹ́ rẹ̀ máa ń rí ọ̀tá láti òkèèrè, ẹṣin kò sì lè gun òkúta tó dúró ṣánṣán. Ìwúlò yìí hàn gan-an ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn jagunjagun Ìlọrin ń yọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú rẹ̀, tú ní nǹkan bí ọdún 1835, àwọn tó sá níbẹ̀ sì fọ́n ká sí Kíṣí, Ìgbòho, Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti àwọn ìlú mìíràn. Láti ìwọ̀-oòrùn, ogun Dàhómì náà ń jà wọlé. Ṣakí di Òkè Asabárí mú, Ìgbẹ́tì ní Òkè Ìyámọ̀pó, Àdó-Awáyé sì wà lórí àpáta tirẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn òkè wọ̀nyí tí àwọn ará ìlú kì í bọ títí di òní, nítorí ohun tó bá gba ìran ènìyàn là kì í di òkúta lásán lójú wọn.

Àwọn àlejò àkọ́kọ́ tó kọ nípa agbègbè náà sílẹ̀, láti etíkun ni wọ́n ti wá. Hugh Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní òpin ọdún 1825, wọ́n gba ilẹ̀ Òkè-Ògùn kọjá, wọ́n sì dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1826. Ní ọdún 1830, Richard padà wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, John. Òwò àti wíwá ipa ọ̀nà Odò Ọya ló gbé wọn wá, kì í ṣe ìgbafẹ́, ṣùgbọ́n àwọn òkè wọ̀nyí wà nínú ohun tí wọ́n kọ fún àwọn ará ilé wọn.

Àlàáfíà tó dé nígbà ìjọba òyìnbó sọ àwọn ènìyàn kalẹ̀ láti orí òkè. Oko, ọjà àti ojú ọ̀nà wà ní ìsàlẹ̀. Ta ni yóò tún máa ru omi gun àpáta? Nígbà mìíràn, ipá ni wọ́n fi sọ wọ́n kalẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dì mọ́ ìjọba ní ọdún 1916, àwọn aláṣẹ kó àwọn ará Òkèhò kúrò ní ìlú wọn àtijọ́ tí àwọn òkè yí ká, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n dó sí ibi tí wọ́n wà báyìí ní ọdún 1917. Ahoro ni wọ́n ń pe ibùdó àtijọ́ náà, àwọn ọmọ Òkèhò kò sì gbàgbé rẹ̀.

Àdó-Awáyé ló fi ìyípadà yìí hàn jù lọ. Ìlú náà wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, ní nǹkan bí kìlómítà 20 sí Ìsẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ọba wọn ni Aládó, ìtàn ìlú sì sọ pé láti Ọ̀yọ́ ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ti wá. Orí òkè ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́lé sí. Ìsàlẹ̀ òkè ni ìlú wà lónìí. Àtẹ̀gùn tí wọ́n fi símẹ́ǹtì ṣe ni àlejò ń gbà lọ sókè, 369 sì ni iye ìgbésẹ̀ tí àwọn afinimọ̀nà máa ń kà fún un. Ibi tí àtẹ̀gùn bá ti tán ni ìrìn gan-an ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òkè náà gbòòrò, ohun tó wà lórí rẹ̀ sì pọ̀. Ahoro ilé àti ààfin àtijọ́ wà níbẹ̀. Òkúta Ìṣagẹ̀ wà níbẹ̀, tí ó dúró lórí ìdí kékeré bí ẹni pé atẹ́gùn lè bì í ṣubú. Òun ni àwọn ará ìlú máa ń kọjú sí nígbà tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀. Àwọn ihò tó rí bí ipa ẹsẹ̀ ènìyàn wà lára àpáta, Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà ni wọ́n ń pè é. Ibì kan tún wà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Ẹsẹ̀-Kan-Ayé-Ẹsẹ̀-Kan-Ọ̀run: ènìyàn kan ṣoṣo ló lè gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá sì yọ̀, ìsàlẹ̀ jìn. Nígbà ogun, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tó odi ìlú. Ọmọkùnrin díẹ̀ lè fi òkúta ṣọ́ ọ, kí odindi ẹgbẹ́ ogun má lè gòkè.

Adágún Ìyákẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tìtorí rẹ̀ gun òkè náà. Inú kòtò àpáta ló wà, òjò ló ń bù sí i, kì í sì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn odò kéékèèké ìsàlẹ̀ bá ti gbẹ tán. Fún àwọn tó ń gbé orí òkè nígbà tí ọ̀tá yí wọn ká, ẹ̀mí wọn ló wà nínú omi náà. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé Ìyákẹ̀ di òrìṣà tí àwọn àgàn ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kò nísàlẹ̀, wọ́n ní ayé mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ìtàn àwọn tó gbìyànjú láti wọn jíjìn rẹ̀ tí wọn kò padà wálé. Òkúta ńlá kan wà nítòsí rẹ̀ tó ń jẹ́ Agbómọfúnyákẹ̀. Èèwọ̀ ni kí ènìyàn wọ inú omi náà. Lọ́dọọdún ni ìlú ń ṣe ọdún òkè, àwọn ọmọ Àdó tó wà lẹ́yìn odi a sì wá sílé fún un.

Ohun tí àwọn tó ń polówó ibẹ̀ máa ń tẹnu mọ́ ni pé adágún irú rẹ̀ méjì péré ló wà ní gbogbo ayé, àti pé èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Adágún ti Colorado náà ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tó ń ti orí òkè ṣàn wọ inú rẹ̀ ló ń bọ́ ọ; ó yàtọ̀ pátápátá sí Ìyákẹ̀ tí òjò ń kún nínú àpáta. Adágún orí òkè sì pọ̀ ní ayé ju méjì lọ. Iyì Ìyákẹ̀ kò sí nínú iye. Ìlú kan mu omi rẹ̀ la ogun já; èyí nìkan tó láti mú kí ènìyàn gun òkè wá wò ó.

Ìgbafẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ kò sí nínú ètò ọjọ́ àwọn baba ńlá. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀, òrìṣà ni wọ́n sì fi ń ka àwọn ọjọ́ náà. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà ni ọjọ́ ìsinmi àwọn tó ń bọ ọ́. Ọjọ́ méje wá pẹ̀lú ẹ̀sìn Mùsùlùmí, tó ti pẹ́ ní Ìsẹ́yìn, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé àti iṣẹ́ ìjọba. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1871 fún àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ní ọjọ́ ìsinmi mélòó kan lọ́dún, àwọn ènìyàn sì ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí etíkun Brighton àti Blackpool ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àṣà náà bá àwọn òyìnbó dé Èkó. Bar Beach ní Victoria Island ni èrò ń wọ́ lọ nígbà Kérésìmesì àti Àjíǹde, kí òkun tó jẹ ẹ́ tí wọ́n sì wá da iyanrìn sí i láti kọ́ Eko Atlantic. Àmọ́ ní Bar Beach pàápàá, àwọn aláṣọ funfun ti ń fi etí omi ṣe ibi àdúrà nígbà tí àwọn mìíràn ń jẹ ẹran suya níbẹ̀. Bákan náà ló rí ní Òkè-Ògùn. Ẹni tó lọ tọrọ nǹkan àti ẹni tó lọ ya fọ́tò lè pàdé lórí àpáta kan náà.

Omi tuntun tún dé agbègbè náà ní àkókò Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí. Ní ọdún 1983, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìdídò Ìkẹ̀rẹ̀ Gorge lórí Odò Ògùn nítòsí Ìsẹ́yìn. Omi tí wọ́n ní kó lè gbà tó mílíọ̀nù 690 mítà kúbíìkì. Ìpinnu ìjọba ni pé kí ó fún àwọn ìlú Òkè-Ògùn ní omi mímu, kí ó bomi rin hẹ́kítà 12,000 ilẹ̀ oko, kí ó mú iná mànàmáná wá, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì dé Èkó. Ìjọba ológun tó tẹ̀ lé e pa iṣẹ́ náà tì, àwọn ẹ̀rọ iná sì dípẹtà kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ kankan. Àdánù ńlá ni fún àwọn àgbẹ̀ tó ń wo omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láìrí i lò. Àwọn apẹja ló jèrè rẹ̀ jù. Ẹja Ìkẹ̀rẹ̀ wà lọ́jà Ìsẹ́yìn, àwọn tó bá sì fẹ́ wo omi tó lọ rẹrẹ títí ojú kò fi ká a mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Omi ìdídò náà fara kan ọgbà ẹranko Old Oyo National Park. Ní ọdún 1936 ni ìjọba amúnisìn ti kọ́kọ́ ya apá kan ibẹ̀ sọ́tọ̀. Ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1991, ó sì gbòòrò tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ní ìhà Ṣakí jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí ènìyàn lè gbà wọ inú rẹ̀. Àgbọ̀nrín àti ẹfọ̀n wà nínú rẹ̀, ahoro Ọ̀yọ́-Ilé pẹ̀lú.

Àlejò tó bá sùn ní Ìsẹ́yìn yóò rí i pé ìgbé ayé ojoojúmọ́ níbẹ̀ tó ohun tí ènìyàn ń rìnrìn àjò wá wò. Ìró òfì a máa dún láti àwọn agbo ilé, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń hun sányán, àlàárì àti ẹtù tí àwọn ènìyàn yóò wọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ sí òde ìyàwó ní Èkó, Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ́nù. Àmàlà ẹ̀lùbọ́ iṣu Ṣakí kò ṣeé fi ti ibòmíràn rọ́pò, wàrà àwọn Fúlàní sì máa ń gbóná lórí igbá. Dókítà Wálé Òkédìran, òǹkọ̀wé tó jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn, rí ìwúlò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìlú yìí: ní ọdún 2010, ó dá ilé ìgbé àwọn òǹkọ̀wé tó ń jẹ́ Ẹbẹ̀dí sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé láti orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Áfíríkà sì ti wá gbé ibẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọ ìwé.

Ọ̀nà ló ti ń dí ìgbafẹ́ Òkè-Ògùn lọ́wọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, tí ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé parí, ti mú kí ẹni tó gbéra ní Ìbàdàn láàárọ̀ lè gun Àdó-Awáyé kó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Fọ́tò tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi fóònù yà lórí àpáta ló wá ń pe àwọn mìíràn wá. Kí ẹni tó bá ń lọ yan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí òjò máa ń mú àpáta yọ̀. Kí ó tètè dé kí oòrùn tó mú, kí ó gba ọmọ ìlú gẹ́gẹ́ bí afinimọ̀nà, kí ó dúró sí bèbè Ìyákẹ̀ láìwọ inú rẹ̀, kí ó sì kó ọ̀rá àti ike omi rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ padà.