Abẹ́rẹ́ Géèjì Epo

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ àtijọ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí abẹ́rẹ́ géèjì epo bá kọ̀ tí kò dìde mọ́, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi? Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé géèjì ti kú, wọn a sì ra òmíràn. Owó a lọ, abẹ́rẹ́ a sì tún jókòó síbi tó wà.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní in láti ìbẹ̀rẹ̀. Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá kò ní géèjì epo kí ó tó di ọdún 1961. Ohun tó ní ni ìyí kékeré kan bíi ti ẹnu ẹ̀rọ omi, nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀. Tí ọkọ̀ bá ti ń wú ikọ́, awakọ̀ a yí i, epo díẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ táńkì, bíi lítà márùn-ún, a sì ṣàn wá. Ẹni tó bá ra epo tán tí kò dá ìyí náà padà, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn délé lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn kan a ki ọ̀pá bọ táńkì. Ọ̀pá kì í purọ́, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ dúró kẹ́ ẹ tó bi í léèrè.

Géèjì tó wá dé lọ́dún 1961 yẹn ò lo iná rárá. Okùn irin ló so ó mọ́ fúlótà tó ń léfòó nínú táńkì. Ìjàpá ti ọdún 1968 ló gba oníná. Nígbà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Èkó àti Pijó 504 ní Kàdúná, lọ́dún 1975, oníná ló gbòde. Bí ọ̀rọ̀ géèjì ṣe kúrò lọ́wọ́ mẹkáníìkì nìyẹn, tó di ti rìwáyà.

Ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ̀n, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ẹlẹ́gbẹ́ka ni àwọn agbébọn ti pa Olúfọ̀n ti Ìfọ̀n lóṣù kọkànlá ọdún 2020. Ta ló fẹ́ kí epo tán mọ́ òun lọ́wọ́ níbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi wá rìwáyà nígbà tí abẹ́rẹ́ ọkọ̀ mi sùn bí mo ti ń lọ síhà Ọ̀ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ táńkì kún. Èyí àkọ́kọ́ ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ ra géèjì.” Bàbá àgbàlagbà kan l'Ọ́wọ̀ ló rẹ́rìn-ín: “Ọmọ mi, má tíì náwó.”

Ó ní kí n ṣí iná ọkọ̀. Ó yọ wáyà tó wá láti ara fúlótà, ó fi kan irin ara ọkọ̀ ní ibi tó jìnnà sí ẹnu táńkì, nítorí èéfín bẹntiróò ò mọ ẹni tó ń bá ṣeré. Kíá ni abẹ́rẹ́ dìde dé òkè! Ó ní ara géèjì le, ara wáyà le, àìsàn wà lọ́dọ̀ táńkì. Ká ní abẹ́rẹ́ ò mira ni, wáyà, fíùsì tàbí géèjì fúnra rẹ̀ ni à bá máa wò. Ó dá wáyà yẹn padà, ó mú wáyà mìíràn, ó fi so ara fúlótà mọ́ irin ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ tún dìde. Ìpẹtà ló ti jẹ ibi tí iná ń gbà padà. Pépà tí wọ́n fi ń ha irin ló fi ha á, ó tán.

Fúlótà náà lè lu, kí epo wọnú rẹ̀, kí ó sì rì. Ẹ mì í létí, ẹ ó gbọ́ ọ. Nínú àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, bí géèjì epo àti ti ooru bá jọ ń ṣì sọ pọ̀, ẹ má wo táńkì. Ẹ̀rọ kékeré tó ń dá agbára iná wọn dúró ni kẹ́ ẹ wò. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́dún 2023, ọ̀pọ̀ wa kì í rà ju díẹ̀díẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ ni fúlótà wá ń gbé, ibẹ̀ náà ni wáyà inú rẹ̀ sì kọ́kọ́ ń jẹ.