Ibi tí Àṣẹ Ìjọba Mọ: Ẹ̀kọ́ láti inú Ẹjọ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2002

Àkùngbá, tí ó wà láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ni ìlú Olóyè Adébáyọ̀ Adéfaratì, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1999 sí 2003. Ní àsìkò rẹ̀ ni ìpínlẹ̀ wa pe Ìjọba Àpapọ̀ lẹ́jọ́ kan tí ó yẹ kí gbogbo oníwàásù mọ̀.

Ní 2000, Ààrẹ Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí òfin tí ó dá àjọ ICPC sílẹ̀ láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò gbèjà rìbá. Ohun tí ó béèrè ni pé: ǹjẹ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ní àṣẹ láti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ lé àwọn ìpínlẹ̀ lórí? Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ni ó gbọ́ ẹjọ́ náà.

Nígbà tí ìdájọ́ jáde ní 2002, Oǹdó kò rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó béèrè gbà. Abala 15 ìwé òfin ilẹ̀ wa pàṣẹ kí ìjọba fòpin sí ìwà ìbàjẹ́, nítorí náà òfin náà dúró. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ yọ apá méjì kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀kan fi dandan lé e pé kí ẹjọ́ parí láàrin 90 ọjọ́ iṣẹ́. Aṣòfin kò sì gbọdọ̀ máa darí adájọ́. Èkejì fàyè gba kí a ti ènìyàn mọ́lé láìdá ìgbà. Èyí sì tẹ òmìnira ọmọ ènìyàn lójú.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará: iṣẹ́ rere ni òfin náà wá ṣe, síbẹ̀ ó ní ààlà. Nígbà tí a bá ń wàásù Róòmù 13, ẹ jẹ́ kí a rántí pé Pọ́ọ̀lù tí ó kọ ọ́ náà ni ó lo ẹ̀tọ́ rẹ̀ tí ó sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Késárì ní Ìṣe 25. Ìtẹríba fún aláṣẹ kò ní kí a má béèrè ohun tí òfin wí.

Abala 35 ní kí a gbé ẹni tí a mú nítorí ẹ̀sùn dé ilé ẹjọ́ láàrin ọjọ́ kan, bí ilé ẹjọ́ bá wà láàrin 40 kìlómítà. Ilé ẹjọ́ wà ní Ìkàrẹ́, Ọ̀kà kò sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí i. Nítorí náà, bí ìyá kan nínú ìjọ bá sunkún wá bá wa pé ọmọ òun ti wà ní àtìmọ́lé fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a wá agbẹjọ́rò, kí a sì bá a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.